Ẹjọ́ Àwọn Òkú Lójú Sinimá

Kí òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ tí ń mú àwòrán rìn sọdá òkun wá sí ilẹ̀ wa, àwọn baba wa ti ń fi ojú rí àwọn tí wọ́n ti kú tipẹ́, nítorí pé àwọn ọ̀jẹ̀, àwọn eléégún alárìnjó tí ìtàn so ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn mọ́ ààfin Ọ̀yọ́, a máa gbé agọ̀ bọ orí, wọn a máa jó, wọn a máa pidán, wọn a sì máa fi ẹni àná han ẹni òní ní gbangba ìta ọba. Nígbà tí ó di 1963, Dúró Ládiípọ̀ gbé eré Ọba Kò So jáde, Ṣàngó sì di ẹni tí à ń wò lójúkojú. Ní 1976 ni Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún, fíìmù tí a kà sí àkọ́kọ́ nínú fíìmù èdè Yorùbá. Ní 1979 ni Hubert Ògúndé náà wọ agbo pẹ̀lú Ayé. Láti ìgbà náà wá ni odò náà ti ń kún, tí ó fi jẹ́ pé lónìí, ẹni tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ lè jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó máa wo bí wọ́n ṣe ń jẹ Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, ìlú tí ó ti di ahoro láti nǹkan bí ọdún 1835.

Ohun ńlá ni èyí, n kò sì ní fi ẹnu kékeré yìn ín. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa tí kò lè ka ojú ìwé mẹ́wàá nípa Ọ̀yọ́ ni ó ti fi sinimá mọ̀ pé a ní ọba, pé a ní òfin, pé a ní ogun àti àlàáfíà kí àlejò tó dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jẹ mí lọ́kàn nípa iṣẹ́ yìí, òun náà ni pé sinimá a máa fún òkú ní ojú. Ẹni tí ó ń ka ìtàn nínú ìwé mọ̀ pé ẹnìkan ni ó ń sọ ọ́ fún òun, ó sì lè dúró lójú ọ̀nà kí ó bi ara rẹ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rí ojú Basọ̀run Gáà tí ó pọ́n, tí ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó ń bú ramúramù, kò tún ní ìbéèrè kankan láti bi ẹnikẹ́ni. Ó ti rí i, ó parí. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ẹnìkan ṣoṣo ni fíìmù ti gbọ́ ẹjọ́ tí ó ń dá, àwọn òkú wo ni yóò dìde wá wí tẹnu wọn?

Ẹ jẹ́ kí a mú Gáà ṣíwájú, nítorí òun ni orúkọ rẹ̀ burú jù lọ. Basọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tí wọ́n ń yan ọba, tí wọ́n sì ní àṣẹ láti kọ ọba tí ìwà rẹ̀ bá ti kọjá ààlà, tí ó fi jẹ́ pé Aláàfin, ikú bàbá yèyé, aláṣẹ èkejì òrìṣà, tí kò sí ẹni tí ó lè wo ojú rẹ̀, bí wọ́n bá ti gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ dé iwájú rẹ̀, ó mọ̀ pé ilé ti kọ òun, ọ̀nà ti kọ òun, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó sì kù náà ni kí òun lọ bá àwọn baba òun. Nǹkan bí ọdún 1754 ni Gáà dé orí oyè yìí. Láàrin ogún ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 17 péré ni Aláàfin Lábísí rí kí ó tó kú. Awónbíojú lo 130 ọjọ́. Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé tẹ̀ lé wọn, ọrùn Gáà sì ni ìtàn kó ikú gbogbo wọn lé. Nígbà tí ó kan Abíọ́dún, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adégoólú, ọba yìí fi ọgbọ́n wọlé, ó ń kí Basọ̀run ní kíkí ìrẹ̀lẹ̀, ó ń mú un mọ́ra, títí tí Gáà fi pa Àgbọ́nyìn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ọba bí, tí ó sì fi í ṣe ètùtù. Ibẹ̀ ni omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Abíọ́dún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ìlú òkèèrè, Ọ̀yálábí ará Àjàṣẹ́ kó ogun wá, ní 1774 wọ́n sì wó ilé Gáà palẹ̀, wọ́n pa á àti àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń sọ ọ́ pé bí o láyà kí o ṣèkà, ṣùgbọ́n bí o bá rántí ikú Gáà, kí o sọ òótọ́.

Adébáyọ̀ Fálétí fi ìtàn yìí kọ eré onítàn rẹ̀, Basọ̀run Gáà, tí ó jáde ní 1972, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ti há a sórí kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 2024, Bọ́láńlé Austen-Peters gbé House of Ga'a jáde lórí Netflix, Fẹ́mi Branch ni ó sì fi ẹran ara wọ Gáà níbẹ̀. Ó ṣe é débi pé n kò rò pé ẹni tí ó wò ó lè tún gbọ́ orúkọ Gáà kí ó má rí ojú òṣèré yìí.

Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn náà fún wa? Ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń kọ eré Ọ̀yọ́ ti ń bu omi ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlúfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897. Ọkùnrin yìí ṣe ohun tí kò sí ẹni tí ó ṣe é tó o ṣáájú rẹ̀: ó jókòó ti àwọn arọ́kìn, àwọn òpìtàn ààfin, ó gbọ́rọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí wọ́n ti kú kí ọgọ́rùn-ún ọdún tó yípo, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sí ìwé. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, òun fúnra rẹ̀ kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àwọn àjákù tí ó kù, tí ó fi jáde ní 1921. Gbèsè tí a jẹ ẹbí yìí kò ṣe é san. Síbẹ̀, ó yẹ kí a rántí pé ìran Aláàfin Abíọ́dún ni Samuel Johnson. Ìtàn Gáà tí gbogbo wa mọ̀, ẹnu ọmọ ẹni tí ó ṣẹ́gun Gáà ni a ti gbọ́ ọ. N kò wí pé ó purọ́. Mo ń wí pé bí ọmọ bá ń ròyìn ìjà baba rẹ̀, ó yẹ kí a fi ìbọ̀wọ̀ gbọ́ ọ, kí a sì tún yíjú sí ará kejì.

Bí a bá yíjú, kí ni a óò rí? A óò rí i pé igbá òfìfo kì í ṣe ìwà ìkà tí Gáà dá sílẹ̀. Òfin Ọ̀yọ́ ni, tí a dá kí ọba má baà di ẹranko lọ́rùn ènìyàn. Àwọn ará ìlú pàápàá kọ́kọ́ kan sáárá sí Gáà, nítorí wọ́n kà á sí ẹni tí ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ọba òǹrorò. A óò rí i pé àsìkò tirẹ̀ ni àṣẹ Ọ̀yọ́ gbilẹ̀ jù lọ, tí Dahomey ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ yìí gan-an ni mo sì rò pé ó wà ní ìdí ìjà náà ju ìkà lọ: àwọn ọmọ Gáà ni wọ́n tàn ká àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́, ọ̀dọ̀ wọn sì ni owó tí ó yẹ kí ó wọ ààfin ń gbà lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n I. A. Akínjógbìn, òpìtàn ńlá, tilẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju èyí lọ, pé apá kan fẹ́ kí Ọ̀yọ́ máa jagun kún ilẹ̀ rẹ̀, apá kejì sì fẹ́ kí ó dojú kọ òwò. Àwọn òpìtàn mìíràn kò gbà fún un. Ẹ wo irú eré tí ìyẹn ì bá jẹ́: àwọn àgbà méjì tí olúkúlùkù gbà pé ọ̀nà tòun ni yóò gba ìlú là.

Kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí olóòótọ́ ti borí òṣìkà? Gbogbo Yorùbá ni ó gbọ́ pé ayé Abíọ́dún ni a ń fi igbá wọn owó. Ó tọ́, owó pọ̀. Ṣùgbọ́n apá tí ó pọ̀ nínú owó ẹyọ yẹn, etíkun ni ó ti wá, ní Àjàṣẹ́ tí à ń pè ní Porto-Novo, níbi tí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ ti ń ta ènìyàn fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀jẹ̀ àwọn kan nínú àwọn tí a kó gba ọ̀nà náà sì ń ṣàn ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bràsíìlì títí di òní. Ní 1783, tí Abíọ́dún wà lórí ìtẹ́, àwọn ará Ìbàrìbá ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn ikú Gáà ni. Nígbà tí Abíọ́dún wàjà ní 1789 tí Awólẹ̀ sì jẹ, ilé náà ti ń yẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ, ibi tí iná Gáà ti kú ni fíìmù sì máa ń pa ìwé dé.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ohun tí ojú ń rí, nítorí àwọn òǹwòran a máa bínú sí aago ọwọ́ tí òṣèré gbàgbé bọ́, wọn kì í sì í rí àṣìṣe tí ó tóbi jù ú lọ. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́-Ilé. Kì í ṣe igbó kìjikìji. Ibẹ̀ ni ẹṣin ti lè sáré, ẹṣin ni ó sì sọ Ọ̀yọ́ di alágbára, ṣùgbọ́n láti òkè ni a ti ń rà wọ́n wá, nítorí pé kòkòrò irù ń pa wọ́n bí wọ́n bá ti sún mọ́ ìsàlẹ̀. Fíìmù Ọ̀yọ́ tí ó bá kó àwọn jagunjagun ṣubú lu ara wọn nínú igbó dúdú, láìsí ẹṣin tàbí pẹ̀lú ẹṣin méjì, ti gba agbára Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí ìlú tí Kúnlé Afọláyan kọ́ sí Igbójàyè ní Òkè-Ògùn fún iṣẹ́ sinimá, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀, koríko ibẹ̀ àti oòrùn ibẹ̀ jọ ti ilẹ̀ àwọn Aláàfin àtijọ́. Ní ti aṣọ, ẹtù, sányán àti àlàárì wà, a kò nílò láti yá aṣọ dídán lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ní ti oúnjẹ, àwo gàrí kò yẹ níwájú Basọ̀run. Ọkà iṣu àti ẹ̀kọ ni kí a gbé fún un.

Mo fẹ́ dé Ìbàdàn wàyí, Ìbàdàn mesì ògò, níbi tí wọ́n ti ní olè ń jàre olóhun, nítorí ẹjọ́ tí ó dùn mí jù wà níbẹ̀. Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn, ọmọ Ẹ̀gbá ni lápá baba. Obìnrin yìí ní oko ńláńlá, ó ní ẹrú tí ìtàn wí pé wọ́n tó 2,000, ó ń ṣòwò dé Abẹ́òkúta, ó sì ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn olórí ogun ní àwìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀ ní nǹkan bí 1860. Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ yigbì.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí kò sí ẹni tí yóò bá a du ipò láàrin àwọn tí ó fi èdè Yorùbá kọ eré, gbé obìnrin yìí sí orí ìtàgé nínú ìwé tí ó jáde ní 1970. Nínú eré náà, Ẹfúnṣetán pàṣẹ pé ẹrúbìnrin èyíkéyìí tí ó bá lóyún, pípa ni. Wọ́n bẹ́ orí Adétutù, ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó lóyún. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, dìde láti gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé májèlé jẹ. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé e kiri, wọ́n sì sọ ọ́ di fíìmù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Láti ìgbà náà, bí ìyá bá rorò sí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ẹfúnṣetán ni àwọn aládùúgbò ń pè é.

Ẹ gbọ́ ohun tí Samuel Johnson kọ, òun tí ó ń gbé Ìbàdàn tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé níbẹ̀ ní àwọn ọdún náà. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni Látòósà kà sí Ìyálóde lọ́rùn ní 1874: pé kò bá òun lọ sójú ogun, pé kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí òun níbẹ̀, àti pé kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun bọ̀. Ẹ̀sùn ẹrú tí a pa kò sí níbẹ̀ rárá. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, ó san án. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè. Síbẹ̀ ọkàn Ààrẹ kò balẹ̀. Wọ́n ra Kúmúyìlọ́ tí ó gbà tọ́, àwọn ẹrú rẹ̀ gba òkè àjà wọlé tọ̀ ọ́ lóru ní òpin oṣù Òkúdu, wọ́n sì pa á lórí ibùsùn. Kò jẹ májèlé kankan. Kò sí ogun tí a fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ó ti sú u láti máa fún àwọn ológun ní ìbọn tí wọn kò sanwó rẹ̀, fún ogun tí kò fẹ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jókòó dá a lẹ́jọ́ sì jẹ ẹ́ lówó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ nínú ìwé tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1992 lórí àwọn obìnrin nínú ìtàn Nàìjíríà. N kò wí pé mímọ́ ni Ẹfúnṣetán. Ẹni tí ó ní ẹgbẹ̀rún méjì ẹrú kò lè mọ́, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì fi ẹ̀jẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Látòósà náà ní ẹrú, gbogbo olórí ogun Ìbàdàn ni ó ní ẹrú, síbẹ̀ òun nìkan ni eré sọ di ojú ìkà fún gbogbo ìran. Ìṣọ̀lá kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ eré ní ẹ̀tọ́ láti tẹ ìtàn síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ó lè sọ ohun tí ó fẹ́ sọ, ìwà òǹrorò àwọn alágbára ni òun sì fẹ́ bá wí. Ẹ̀ṣẹ̀ náà wà lọ́dọ̀ àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ní kámẹ́rà, tí wọ́n ní owó, tí wọ́n ní ìwé Awẹ́ àti ti Johnson ní àrọ́wọ́tó, tí wọ́n sì tún ń padà lọ tọ ipasẹ̀ eré 1970. Àwọn ará Ìbàdàn fúnra wọn ti gbé ère Ìyálóde yìí ró ní agbègbè Challenge. Àwọn tí ń ṣe fíìmù ni wọn kò tíì tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́.

Ọ̀kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú ayé ni n óò fi kún un, nítorí ibi tí ìwé àkọsílẹ̀ bá pọ̀ sí ni ó ti rọrùn láti rí bí eré ṣe ń tún ìtàn gbẹ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1944, Aláàfin Síyànbọ́lá Ládìgbòlù wàjà. Ìṣe ni pé kí Olókùn-ẹṣin, olórí àwọn tí ń tọ́jú ẹṣin ọba, bá ọba rẹ̀ lọ, òun sì ti jẹ ayé ọ̀ṣọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nítorí ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1945, Jinadu tí ó wà nípò yìí wọ aṣọ funfun, ó ń jó gba ìgboro Ọ̀yọ́ lọ sí ilé Basọ̀run Ládòkun, kí aláṣẹ òyìnbó tó ní kí wọ́n mú un. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Mùránà, gbọ́ pé wọ́n ti di baba òun lọ́wọ́, ó pa ara rẹ̀ dípò baba rẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ.

Dúró Ládiípọ̀ fi í ṣe Ọba Wàjà ní 1964, ó sì sọ ọmọ náà di Dáwódù tí ó ń ṣòwò ní Gold Coast. Wọlé Ṣóyínká fi í ṣe eré tirẹ̀ ní 1975, ọmọ náà sì di Olúǹdé, àkọ́bí, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ìlú òyìnbó. Ṣóyínká kọ ọ́ síwájú ìwé náà pé 1946 ni ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, àti pé òun fà á sẹ́yìn kí ó lè bọ́ sí àsìkò ogun Hitler. Bẹ́ẹ̀, inú ogun náà ni ó ti ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Bíyì Bándélé, tí ó kú ní oṣù Ògún 2022 kí a tó fi iṣẹ́ rẹ̀ han aráyé, ni ó sọ eré Ṣóyínká di fíìmù, Ọdúnladé Adékọ́lá ni Ẹlẹ́ṣin, ìyẹn Olókùn-ẹṣin inú eré náà, Ṣáfí Bello ni Ìyálọ́jà, Déyẹmí Ọ̀kánlàwọ́n sì ni Olúǹdé. Iṣẹ́ tí ó ga ni, èdè Yorùbá inú rẹ̀ sì tó ohun tí a ń fi ọmọ kọ́.

Ohun méjì ni mo ṣì ń wá níbẹ̀. Jinadu àti Mùránà, orúkọ Ìmàle ni méjèèjì. Ìmàle ti pẹ́ ní Ọ̀yọ́ nígbà náà, ènìyàn sì lè kírun kí ó tún di ojúṣe ilé baba rẹ̀ mú. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn eré náà tí ó fi Ìmàle sínú ilé Ẹlẹ́ṣin, ó dà bí ẹni pé àṣà wa kò lè jinlẹ̀ àfi bí ó bá dá nìkan wà. Èkejì sì ni pé àkọ́bí tàbí dáwódù ni àwọn òǹkọ̀wé méjèèjì fi rọ́pò baba, nítorí pé àrólé ni eré ń fẹ́, ẹni tí oyè tọ́ sí. Ṣùgbọ́n àbíkẹ́yìn Jinadu ni Mùránà. Kò sí oyè tí ó ń dúró dè é, kò lọ sí ìlú òyìnbó, kò sì sí ìṣe kankan tí ó ní kí àbíkẹ́yìn jáde kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jáde. Ohun tí ó rò ní wákàtí náà, àti ohun tí wọ́n ń sọ nínú agbo ilé náà kí ó tó dìde, ni fíìmù tí n óò sáré lọ wò bí ẹnìkan bá lè ṣe é.